Bàámi dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta: àwọn tẹ́ẹ̀sì tá a ṣe àtèyí tó já sí nǹkan

Ẹni tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ni bàámi, ọmọ ọdún 72, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn la wà. Ó tó ọdún 15 tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò ní ìtọ̀ súgà, wọn ò fẹnu kan sìgá rí, ọtí kẹ̀, mọ́ọ̀tì gan-an wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kọ bó ṣe lọ látòkèdélẹ̀ torí àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́, ẹni tí màmá ẹ̀ dákú lánàá á pè mí láàárọ̀ òní pé síkáànù wo lẹ ṣe, èwo lẹ kọ́kọ́ ṣe, eélòó ni wọ́n gbà, bí ẹni pé síkáànù yẹn gan-an ni oògùn.

Àkọ́kọ́, mọ́sáláṣí ni, ọjọ́ Jímọ̀, iná ò sí, fáànù ò yí, ooru sì mú bí nǹkan míì. Wọ́n ti forí kanlẹ̀ tán ní rákà àkọ́kọ́, gbogbo sáàfù dìde dúró fún ìkejì, bàámi náà dìde, ni wọ́n bá rọra ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún wọn ló gbá wọn mú tí orí wọn ò fi gbá ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ́ wọn sílẹ̀ ni ọwọ́ wọn gbọ̀n pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ojú wọn yí sókè, ni ẹnì kan bá pariwo pé wárápá ni, àwọn kan ń wá ṣíbí tí wọ́n máa ki bọ̀ wọ́n lẹ́nu, àwọn kan ti da omi lé wọn lórí. Ọpẹ́ ni pé ṣíbí ò tètè dé, torí wọn ò tó ìṣẹ́jú kan nílẹ̀ tí wọ́n fi lajú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu wọn ni "fìlà mi dà?" Wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n mọ lémọ́mù, wọ́n tún ń bínú pé ta ló da omi sí wọn láṣọ.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki nǹkan kan bọ ẹni tó dákú lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìdùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó tán.)

Àmọ́ wárápá tẹ́ni yẹn pariwo, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò nílẹ̀ mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn kan ò ti fẹ́ fọwọ́ kan bútà tí bàámi bá fi ṣàlùwàlá, wọn ò sọ ọ́ jáde o, wọ́n kàn ń dọ́gbọ́n gbé òmíì. Wárápá kì í ranni, kò ranni rí, ẹ sọ ọ́ títí, ẹni tó ti gbà á gbọ́ ti gbà á gbọ́. Ó dun bàámi ju ìṣubú yẹn fúnra ẹ̀ lọ.

Ní kẹ́mísítì tá a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, wọ́n gún wọn lọ́mọ ìka, wọ́n ní ibà wà, tífọ́ọ̀dù náà wà. Ta ni wọ́n ti ṣe é fún nílùú yìí tí wọ́n ní kò sí? Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n fa dírípù méjì sí wọn lára, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni pé ara wọn le fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn ló tàn wá jẹ. Omi àti iyọ̀ inú dírípù yẹn ló ṣe wọ́n lóore, kì í ṣe oògùn tífọ́ọ̀dù, àmọ́ ta ló mọ̀ nígbà yẹn.

Ìkejì dé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, wọ́n jí láti lọ tọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń sùn ní yàrá wọn, ló wá kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà pé bàbá àgbà ti ṣubú. Ẹnu ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì la ti bá wọn, wọ́n ti jí, àmọ́ wọ́n ti fi iwájú orí gbá etí bésínì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán an. Gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń pe àdúrà ń pè é, ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń wá a, kò sẹ́ni tó bi ọmọ yẹn pé kí ló rí. Ẹ rántí ọmọ yẹn o, mò ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìkẹta, ìkómọjáde ni. Wọ́n ti jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì yó, wọ́n jókòó lábẹ́ kánópì bí wákàtí kan, alágà ìjókòó wá pè wọ́n pé kí bàbá wá gbàdúrà fún ìkókó, wọ́n dìde, wọ́n rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, ni wọ́n bá tún wọlẹ̀. Ẹni kan ti ń fi fóònù ká ayẹyẹ náà lọ́wọ́, bí fídíò ṣe dé London nìyẹn kó tó di pé bàámi délé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà ní London, iṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó, ló ń ṣe níbẹ̀. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ní ẹ ṣe gbogbo ẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò látorí dé àtàǹpàkò, ẹ má wo iye tó jẹ́, màá sanwó. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tó jìnnà sílé, owó nìkan ló lè fi di bàbá ẹ̀ mú.

La bá gbéra, ó di ọsibítù àdáni kan. Wọ́n wọn BP bàámi, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, lórí ìjókòó, 164/92, wọ́n ní ó ga, wọ́n sọ lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, di ìlọ́po méjì, láti mílígíráàmù 5 sí 10. Wọ́n wá fún wa ní ìwé tẹ́ẹ̀sì tó kún ojú ewé kan: ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi, CT orí (síkáànù inú agbárí), EEG (tí wọ́n fi ń wo bí iná ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́) torí pé a ti fi ẹnu ara wa sọ wárápá, síkáànù ọrùn, èkò (síkáànù ọkàn), ECG (tí wọ́n fi ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé). Ọ̀sẹ̀ méjì la fi sáré ẹ̀ láti láábù dé láábù, ó lé ní ₦380,000 tó lọ síbẹ̀. Fún EEG, wọ́n lẹ wáyà mọ́ gbogbo orí wọn bí ẹni tó fẹ́ bá Mars sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n la ojú, kí wọ́n mí kíákíá. Nọ́máàlì. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ wárápá parí nìyẹn, lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ pé ẹni tó ní wárápá lóòótọ́ náà lè ṣe EEG kó jẹ́ nọ́máàlì, torí náà ìwé yẹn ò fọ̀ wọ́n mọ́, kò sì bà wọ́n jẹ́, owó ló kàn lọ.

CT ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Èsì ní ọpọlọ ti súnkì díẹ̀ bó ṣe bá ọjọ́ orí mu. Ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ ìyẹn ni "atrophy", tíṣà sì ni bàámi, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n lọ mú díṣọ́nárì. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí, wọ́n á ní ọpọlọ mi nìyẹn, ó ń lọ. Síkáànù ọrùn náà ní ọ̀rá lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ méjèèjì, kò dí. Èkò ní iṣan ọkàn wọn nípọn díẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń ṣe, àmọ́ ó ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Nínú gbogbo ìwé yẹn, kò sí èyí tó sọ ìdí tí bàámi fi ń ṣubú. Àmọ́ wọn ò jẹ́ ká lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n fi aspirin kún oògùn wọn, wọ́n fi oògùn ọ̀rá kún un, wọ́n fi tọ́níìkì ọpọlọ kún un.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìdi ògiri mú mọ́.

Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní ká kó gbogbo ẹ̀ dànù ká lọ sí ọsibítù gọ́mìntì. Aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀, aago méjìlá kọjá ká tó wọlé. Dókítà tó pè wá kéré débi pé mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí bàámi, mo na àpòòwé síkáànù ńlá yẹn sí i, ó gbà á, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ní "ẹ ṣé sà, màá wò ó, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná." Inú bí mi díẹ̀. ₦380,000 ló fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní nǹkan. Kí lẹ ń ṣe gan-an kó tó ṣẹlẹ̀, bàbá? Ṣé ẹ jókòó ni, àbí ẹ dúró, àbí ẹ dùbúlẹ̀? Ṣé òòyì kọ́kọ́ kọ́ yín, ṣé ojú yín ṣókùnkùn, ṣé òógùn bò yín? Ṣé àyà yín ń já pàpàpà? Ṣé ẹ tọ̀ sára, ṣé ẹ gé ahọ́n jẹ? Ṣé ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín? Bàámi ní àwọn ò mọ̀, wọ́n ní bí ẹni paná ló máa ń ṣe àwọn. Ó wá yíjú sí mi: ta ló rí wọn? Mo ní kò sẹ́ni tó rí wọn ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí ọmọ yẹn. Ó ní kí n pè é. A pe ilé, wọ́n gbé fóònù fún un, dókítà fi sórí sípíkà. Ọmọ yẹn ní, mo ń sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Bàbá àgbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ lọ tọ̀. Wọ́n di ògiri mú. Wọ́n ní 'hàá'. Wọ́n tún rìn díẹ̀, wọ́n wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá tú afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù." Dókítà ní ojú wọn ńkọ́? Ó ní ó funfun. Ó ní ṣé ara wọn gbọ̀n? Ó ní rárá, wọ́n ní kí n lọ pe dádì kékeré.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá wò mí, ó ní mọ́sáláṣí ńkọ́, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí sókè nínú sùjúdù. Ìkómọ ńkọ́? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni ojú ń tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, ilé wa ò rí i, ọsibítù tó gbowó lọ́wọ́ wa ò bèèrè ẹ̀.

Ó ní oògùn wọn dà? Mo ní amlodipine ni àti lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni méjèèjì. Ó ní rárá, kì í ṣe orúkọ, oògùn gan-an, gbogbo ohun tí wọ́n ń mu, títí kan àgbo. Àbúrò mi gun ọ̀kadà lọ sílé, ó kó gbogbo ẹ̀ wá nínú nílọ́ọ̀nù dúdú, dókítà sì dà á sórí tábìlì: amlodipine, lisinopril, Moduretic, tamsulosin, aspirin, oògùn ọ̀rá, tọ́níìkì, ibuprofen tí wọ́n rà fún orúnkún, àti ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ti kù sí ìdajì. Mẹ́sàn-án! Ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, èyí tó wà ní ibì kan ò mọ̀ pé èkejì wà.

Ó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún bàámi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì. Moduretic, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lé omi àti iyọ̀ jáde nínú ara nípasẹ̀ ìtọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jí tọ̀ lóru, ẹ sọ fún wọn níbì kan, wọ́n ní próstéètì ni, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, wọ́n fún yín ní tamsulosin. Tamsulosin máa ń dẹ iṣan ibi tí ìtọ̀ ń gbà, àmọ́ ó lè dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ náà, BP á wá wálẹ̀ téèyàn bá dìde. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fa omi ara yín gbẹ, èyí tó dé lẹ́yìn wá ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Bàámi ronú, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Jímọ̀ yẹn.

Ìgbà yẹn ló tó fa ẹ̀rọ BP. Ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja lórí kọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, ó wo aago, ó jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, mò ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń dúró níta. Ó wọn ọ́n: 152/84. Ó ní kí wọ́n dìde dúró, nọ́ọ̀sì kan dì wọ́n mú lábíyá, kò tú aṣọ ẹ̀rọ náà kúrò lápá wọn. Ìṣẹ́jú kan, 120/72. Bàámi ní "ó ti ń bọ̀ o." Dókítà ní kí ló ń bọ̀, bàbá? Wọ́n ní òòyì náà, òun náà nìyẹn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, 112/68, ètè wọn ti ń funfun, ó ní kí wọ́n tètè jókòó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé tí ńọ́mbà òkè bá já wálẹ̀ tó 20, tàbí tí tìsàlẹ̀ bá já tó 10, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta téèyàn dìde, ó ti wà níbẹ̀. Tiwọn já tó 40. Gbogbo ẹ̀, kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí rìsíìtì kankan.

Ó wá fa àpòòwé mi sún mọ́ ara ẹ̀. Ìwé ECG ló kọ́kọ́ mú, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fi báírò wọn àlàfo ìlà kan sí èkejì. Ó ní èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí dáa, ẹnikẹ́ni tó bá dákú gbọ́dọ̀ ṣe é, ìwé pẹlẹbẹ kan tí kò gbówó lérí ni, ó sì lè fi hàn bóyá iná ọkàn ń já, bóyá ọkàn ń lù wéréwéré tàbí ó ń fà ju bó ṣe yẹ lọ. Tiwọn ò ní ìkankan nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ló wá yọ ìwé láábù kan tí mi ò tiẹ̀ rántí, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan: sódíọ̀mù, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, 129. Ó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145. Ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún! Tẹ́ẹ̀sì tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a sanwó ẹ̀, a gbé e pamọ́ sáàárín èyí tí kò ní, kò sẹ́ni tó kà á.

Mo bi í pé CT ńkọ́, ṣé òfo ni. Ó ní tẹ́ ẹ bá ní torí pé wọ́n forí gbá bésínì lẹ ṣe ṣe é, èmi náà ì bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, àgbàlagbà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣẹ́ jọ sínú agbárí láìmọ̀. Ó ní ohun tí ìṣubú yẹn ṣe sí orí ni CT lè sọ fún wa, kò lè sọ ohun tó gbé wọn ṣubú. Tápá tàbí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ, tí ẹnu ẹ̀ bá wọ́, tọ́rọ̀ ẹ̀ ò bá já gaara, ìyẹn yàtọ̀, kí wọ́n tètè gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ síkáànù ọrùn náà ò jìnnà síyẹn, òpó ọrùn tó bá dí, rọpárọsẹ̀ ló sábà máa ń fà, kì í ṣe kéèyàn kàn dákú kó tún jí wá bèèrè fìlà.

Ti ọwọ́ tó gbọ̀n ní mọ́sáláṣí, ó ní ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ara lè gbọ̀n, kì í ṣe wárápá. Ó ní àwọn dókítà kan ní Berlin ní Jámánì ti ṣe é rí, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 1994, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, wọ́n dọ́gbọ́n mú wọn dákú, wọ́n sì fi kámẹ́rà ká wọn. 42 ló dákú pátápátá, nǹkan bí 9 nínú 10 wọn ni ara wọn gbọ̀n. Wárápá, lọ́pọ̀ ìgbà, gbígbọ̀n ẹ̀ máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà lè gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ẹ̀ jẹ, tó bá sì jí, ojú ẹ̀ á ṣì máa wò bàìbàì, kò ní tètè mọ ibi tó wà. Bàámi ní kó tún un sọ, kó sọ ọ́ fún lémọ́mù lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè pe lémọ́mù sà.

Mo wá lọ ka ìwádìí kan tó dárúkọ fún mi, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2009 láti Yale ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, 2,106 wọn, tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù torí pé wọ́n dákú, ni wọ́n yẹ fáìlì wọn wò. Nínú 100, bí 63 ni wọ́n ya CT orí fún. Àwọn tí wọ́n wọn BP fún ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, 38. Ẹ jẹ́ n tún un sọ, Amẹ́ríkà o! CT, EEG, síkáànù ọrùn, èkò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá hátì-àtáàkì, ìkankan nínú wọn ò yí ohun tí dókítà máa ṣe padà fún tó èèyàn 5 nínú 100. BP ìdúró yìí yí i padà fún nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin. Wọ́n tún ṣírò iye tí wọ́n á ná lórí tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan kó tó wúlò fún ẹnì kan ṣoṣo, ti EEG lé ní dọ́là 32,000, ti CT lé ní 24,000, ti BP ìdúró ò ju 20 lọ. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ó kà á, kò fèsì títí di ọjọ́ kejì, ó wá kọ ọ́ pé "èmi tí mò ń wọn BP àwọn arúgbó òyìnbó lójoojúmọ́, ní ìdùbúlẹ̀ àti ìdúró, mi ò rò ó fún bàbá mi."

Ẹnì kan á ka èyí tán, á ní àṣé tẹ́ẹ̀sì ò wúlò. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó tó bẹ́ẹ̀ rántí Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, 12 August 1989, ní National Stadium ní Sùúrùlérè, a ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ìyege World Cup, ó ṣubú ní ìṣẹ́jú 77, ẹnì kankan ò gbá a, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25. Wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nwankwo Kanu ńkọ́, 1996, Inter Milan yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n rí àbùkù lára ọkàn ẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal fún ọ̀pọ̀ ọdún. Torí náà ẹni tó dákú níbi tó ti ń sáré tàbí tó ń ṣiṣẹ́ agbára, tàbí tó dákú lórí ìdùbúlẹ̀, tàbí tí àyà ẹ̀ kọ́kọ́ ń lù kìkìkì tàbí ń dùn ún, tàbí tí ẹnì kan ti kú lójijì nílé wọn láìdàgbà, ẹni yẹn, ẹ má fi omi àti sùúrù tọ́jú ẹ̀, ẹ gbé e lọ, ECG, èkò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà kéèyàn máa gbé e kiri, gbogbo ẹ̀ ló tọ́ sí i. Obìnrin tó dákú nínú ọkọ̀, ẹ bi í nípa oyún. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ súgà, ẹ wọn súgà ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó dúró pẹ́ nínú oòrùn lórí ìlà àárọ̀ láìjẹun tó wá ṣubú, tó bá ti sọ bó ṣe rí, tí ECG ẹ̀ sì dáa, ó máa ń parí síbẹ̀.

Ti bàámi, dókítà dá Moduretic dúró, ó dá tamsulosin dúró títí wọ́n á fi rí àwọn tó mọ̀ nípa próstéètì, ó dá lisinopril padà sí 5, ó ní kí wọ́n kó ibuprofen àti ìgò àgbo kúrò nílé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má lọ dá oògùn BP tiyín dúró fúnra yín o, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n pa tì náà ń pani, ẹ kó oògùn yín sí nílọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà yín.) Ó ní kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n máa jókòó tọ̀ lóru, kí wọ́n má jẹ oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí ooru bá mú. Bàámi ní ìgbà díẹ̀ yẹn tó ìṣẹ́jú mélòó, tíṣà ṣá ni wọ́n, ó ní bí ìṣẹ́jú kan sí méjì. Wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà ka á báyìí, 33, wọ́n tún ka 33, lẹ́yìn náà wọ́n á di ògiri mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, sódíọ̀mù ti di 136. BP ìdùbúlẹ̀ 146/82, ìdúró 136/78, òòyì ò wá. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún tí wọ́n ń jí tọ̀ lóru di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ wá sọ fún mi, próstéètì wo là ń tọ́jú látọjọ́ yìí? Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, wọn ò ṣubú mọ́.

Síkáànù ọpọlọ yẹn ṣì wà lẹ́yìn wọ́dúróòbù, àlejò tó bá wá kí wọn, wọ́n á gbé e sójú wíńdò fi hàn án pé ẹ wo inú orí mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ BP ránṣẹ́ láti London, wọ́n sì ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, ìdùbúlẹ̀, ìdúró, ìyàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ló ń wo aago fún wọn. Ọjọ́ tí ìyàtọ̀ bá ti lé ní 20, wọ́n á fi báírò pupa yí i ká, wọ́n á kọ "omi" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní kó lọ bu omi wá.